Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Ìtàn Oúnjẹ Ọ̀wẹ̀ ní Pobè àti Sakété

Bí wọ́n bá ń ka ìtàn ìlú, orúkọ ọba, ọdún ogun àti ọjọ́ tí òyìnbó dé ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. Ẹni tó ṣán igbó, ẹni tó mọ ògiri àti ẹni tó bo òrùlé kì í pẹ́ lẹ́nu àwọn òpìtàn. Ẹni tó dáná fún wọn kì í tilẹ̀ débẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni, láti Sakété títí dé Pobè, ọ̀pọ̀ oko àti agbo ilé àtijọ́ ni kì bá tí dìde bí kò bá sí ìkòkò ńlá kan lórí ààrò, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó jí kí àkùkọ tó kọ. Lásìkò ọdún ìbílẹ̀ yìí, tí ọmọ ilé àti ọmọ oko ń pàdé, ó yẹ kí wọ́n sọ ìtàn ìkòkò náà pẹ̀lú.

ÀÁRÓ ÀTI Ọ̀WẸ̀

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn Nàgó ilẹ̀ yìí, bí àwọn Yorùbá yòókù, fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni àáró. Àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn dọ́gba, márùn-ún, mẹ́fà tàbí mẹ́wàá, á kó ara wọn jọ. Wọn á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni àáró. Ẹni tí wọ́n bá ro oko fún gbọ́dọ̀ lọ ro ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà, bí wọ́n sì ṣe ṣe é fún un ni yóò ṣe é.

Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀: ẹni tó fẹ́ ṣán igbó tuntun, ẹni tó fẹ́ mọ ilé alámọ̀, ẹni tó fẹ́ bo òrùlé kí òjò tó dé. Yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́, aládùúgbò àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ogún ènìyàn, ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á sì dìde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Níbi ọ̀wẹ̀, kò sí ẹni tó ń ka iye ebè tí ẹnì kan kọ. Oúnjẹ àti ohun mímu ni ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ní láti pèsè. Ọ̀wẹ̀ àna tún wà níbẹ̀: ọkọ ìyàwó á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sóko bàbá ìyàwó, ilé àna á sì bọ́ gbogbo wọn. N. A. Fadipe, onímọ̀ nípa àwùjọ Yorùbá, ṣàlàyé àwọn àṣà wọ̀nyí nínú iṣẹ́ ńlá tó parí ní 1939, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde bí ìwé ní 1970.

Àwọn aládùúgbò pẹ̀lú ní tiwọn. Melville Herskovits, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí ìjọba Dàhómì ní 1938, kọ púpọ̀ nípa dokpwe, ẹgbẹ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn Fọn, tó ní olórí tirẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun àjèjì nínú kí Nàgó, Gùn àti Fọn jọ tẹ̀ síwájú lóko kan náà, kí wọ́n sì jọ jókòó ti àwo kan náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé oúnjẹ ni owó iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́ ni, ẹni tó bá ṣe púpọ̀ ni ìbá jẹ púpọ̀, ẹni tó sì rí jẹ nílé tirẹ̀ kì bá tí wá. Ṣùgbọ́n olówó ń wá sí ọ̀wẹ̀ tálákà, àgbà tí kò lè gbé ọkọ́ mọ́ ń wá jókòó sí eteetí oko láti kí àwọn òṣìṣẹ́, oúnjẹ sì ń kan gbogbo wọn. Ọ̀wọ̀ ni oúnjẹ náà. Ó ń sọ fún àwọn tó wá pé ẹni tó pè wọ́n mọ iyì òógùn wọn. Bí oúnjẹ bá kéré, kò sí ẹni tí yóò bu ìtanràn fún olóko. Àmọ́ nígbà tó bá tún ránṣẹ́, ara ẹnì kan kò ní yá, ẹlòmíràn á ní àlejò, ẹ̀kẹta á ti lọ sọ́jà.

ÒJÒ, ILẸ̀ ÀTI EBI

Ilẹ̀ àti òjò ló mú kí ọ̀wẹ̀ jẹ́ dandan. Òjò ńlá ń rọ̀ láti oṣù kẹta dé oṣù keje, òjò kékeré sì ń rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Ìgbà méjì lọ́dún ni àgbẹ̀ lè gbin àgbàdo, ìgbà méjì náà ni iṣẹ́ ń ya lu gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó gbìn, òjò á ti kọjá lórí oko rẹ̀. Ní ilẹ̀ pupa Sakété àti Pobè, ọkọ́ lè wọlé wẹ́rẹ́ bí òjò bá ti kan ilẹ̀. Ní ilẹ̀ amọ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, ó ń le bí òkúta lẹ́ẹ̀rùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ lójò. Ọwọ́ kan kò lè dá a ṣe.

Ohun tó ṣòro jù ni pé àsìkò tí iṣẹ́ pọ̀ jù ni àsìkò tí oúnjẹ kù díẹ̀ nílé. Iṣu ọdún tó kọjá ti ń tán, àgbàdo tuntun kò tíì yọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pe ènìyàn ni ọ̀wẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ oṣù kẹta, inú àká oṣù kejìlá ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìyálé ilé bá ya àgbàdo kan sọ́tọ̀, tó so ẹ̀wà kan mọ́ àjà níbi tí èéfín ń kàn án kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, tó sì sọ fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọkọ ló ń bẹ ọ̀wẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ló mọ̀ bóyá ilé lè bẹ̀ ẹ́.

ÀWỌN TÓ Ń DÁNÁ

Bí ọkùnrin ṣe ń bẹ ọ̀wẹ̀ ọkọ́ ni obìnrin ń bẹ ọ̀wẹ̀ ìkòkò. Àwọn obìnrin agbo ilé tó múlé gbe ara wọn á wá pẹ̀lú odó, ọmọ odó, ọlọ àti igbá wọn. Ní ọjọ́ kẹta sí iṣẹ́, wọ́n ti ń ṣẹ́ igi, wọ́n ti rẹ àgbàdo fún ògì. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ̀kọ ti wà nínú ewé, ata ti wà lórí ọlọ, omi sì ti kún àmù. Ìyálé ni olórí. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò, òun náà ló ń bu ẹran.

Oúnjẹ ọjọ́ náà ní ètò. Ní kùtùkùtù, ẹ̀kọ mímu gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, kí ìfun lè là kí wọ́n tó mú ọkọ́. Nígbà tí oòrùn bá gun òkè, iṣu sísun pẹ̀lú epo àti iyọ̀, tàbí gàrí tí wọ́n fi omi tútù rẹ. Lọ́sàn-án, àdàlú, nítorí ẹ̀wà kì í tètè kúrò nínú. Lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti wẹ̀, iyán tàbí ọkà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹlẹ́ran. Ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá mu ún lójú oko lè fi ọkọ́ ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ọgbọ́n tó ṣòro jù ni wíwọ̀n. Ẹni tó ń se oúnjẹ ènìyàn márùn-ún lè se ti ogójì bàjẹ́ bí ó bá kàn sọ ohun gbogbo di ìlọ́po mẹ́jọ. Omi ìkòkò ńlá kì í gbẹ bíi ti kékeré, iyọ̀ kì í gba ìlọ́po bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì ti jóná kí òkè tó jinná. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń fa igi kúrò bí ìkòkò bá ti hó, tí wọ́n sì ń fi ẹyin iná parí oúnjẹ. Ojú, ọwọ́ àti imú ni ìwé wọn.

OHUN TÓ WỌ INÚ ÌKÒKÒ

Oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ti ìbílẹ̀ lónìí kò dé lọ́jọ́ kan náà. Iṣu, ẹ̀wà, ilá, ẹ̀gúsí, ewédú àti epo pupa ti wà ní ilẹ̀ yìí láti ayébáyé. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, tòmátì àti ata wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú òkun láàárín wọn. Kí ata wọ̀nyí tó dé, ìyẹ̀rẹ̀ àti ataare ni ó ń ta ọbẹ̀. Àwọn Àgùdà, àwọn tó padà láti Brasil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú etíkun mìíràn, ní ọwọ́ ńlá nínú bí gàrí ṣe tàn kálẹ̀. Ìkòkò ọ̀wẹ̀ gba gbogbo àlejò wọ̀nyí, ó sọ wọ́n di ọmọ ilé. Ẹja gbígbẹ ń ti odò Wẹ̀mẹ̀ gòkè wá, àwọn ọdẹ sì ń mú ọ̀yà àti òkété wá láti inú igbó.

OÚNJẸ MẸ́TA TÓ TÓ OGÚN ÈNÌYÀN

Àwọn oúnjẹ mẹ́ta yìí ni wọ́n ṣì ń sè káàkiri ẹkùn náà níbi iṣẹ́, ìnáwó àti ọdún. A wọ̀n wọ́n fún ogún òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa. Agolo tí wọ́n dárúkọ ni agolo mílíìkì kékeré.

Àdàlú. Agolo àgbàdo gbígbẹ 8, agolo ẹ̀wà 12, ìgò epo pupa kan, àlùbọ́sà 5, ata gígún, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀. Ẹ rẹ àgbàdo sómi láti alẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kaná fúnra rẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í là, nítorí ó le ju ẹ̀wà lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ẹ̀wà tí ẹ ti ṣà sí i. Ẹ má tètè fi iyọ̀ sí i, àfi bí ẹ̀wà bá ti rọ̀. Ẹ yọ́ epo lọ́tọ̀, ẹ fi àlùbọ́sà, ata àti ẹja dín nínú rẹ̀, kí ẹ dà á sórí ẹ̀wà, kí ẹ dín iná kù, kí ẹ sì bò ó títí epo yóò fi wọ inú rẹ̀. Bí àlejò bá pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, gàrí ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má bu omi sí i.

Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Iṣu ńlá 8 tàbí 9, agolo ẹ̀gúsí lílọ̀ 8, ẹran tàbí ọ̀yà tí wọ́n ti yan, irú, ata, tòmátì, àlùbọ́sà, epo pupa àti ẹ̀fọ́ tútù. Ẹ se ẹran kó rọ̀, kí ẹ tọ́jú omi rẹ̀. Ẹ dín ata àti tòmátì nínú epo títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí, kí ẹ máa já a sínú ọbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ má sì rò ó títí yóò fi dì. Lẹ́yìn náà ni omi ẹran, ẹran àti irú yóò wọ̀ ọ́. Ẹ̀fọ́ ló ń kẹ́yìn. Ní ti iyán, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni kó gún odó kan pa pọ̀, kí iṣu má bàa tutù kó sì ní kókó. Iyán ọ̀wẹ̀ kì í dúró de ènìyàn. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń wẹ̀ ni kí ọmọ odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Àmìwọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gùn àti Fọn ni orúkọ yìí ti wá: àmì ni epo, wọ̀ ni ọkà àgbàdo. Ó ti di oúnjẹ gbogbo ìnáwó ní gúúsù Benin. Kílò ìyẹ̀fun àgbàdo 3, adìẹ 4 tàbí 5, tòmátì lílọ̀, àlùbọ́sà, aáyù, ata, epo pupa àti iyọ̀. Ẹ se adìẹ pẹ̀lú èròjà, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ dín in. Ẹ dín tòmátì nínú epo dáadáa, kí ẹ da omi adìẹ sí i, kí gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 7. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ìdá mẹ́ta ìyẹ̀fun náà, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kó ṣe bí ẹ̀kọ. Ẹ wá máa da èyí tó kù sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó lágbára máa fi igi rò ó títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì dì. Ó ń dùn bí ó ti gbóná, kì í sì í bàjẹ́ títí alẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ àwọn onílù tí kò ráyè jẹun lọ́sàn-án.

NÍGBÀ TÍ OWÓ DÉ SÁÀÁRÍN

Ní 1889, ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó la ààlà gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Àna ẹnì kan bọ́ sábẹ́ ìjọba kan, òun fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ èkejì. Ọ̀wẹ̀ ń kọjá ààlà síbẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò mọ òpó ààlà. Ṣùgbọ́n ní 1899 ni ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí ní Dàhómì. Ẹ̀wà àti iṣu nìkan kò tó mọ́. Owó gbọ́dọ̀ jáde, epo àti èkùrọ́ sì ni owó ti ń jáde.

Iṣẹ́ ọ̀ranyàn náà dé, fún ojú ọ̀nà àti fún ẹrù rírù. Ó dà bí ọ̀wẹ̀ lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè: ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọkọ́, iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tó pe ènìyàn síbẹ̀ kò ní wá san án padà lóko wọn láéláé. Ìwé ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó fi hàn bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe kó lọ sí apá àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítorí irú ìnira bẹ́ẹ̀. Ní 1946 ni òfin fòpin sí iṣẹ́ ọ̀ranyàn ní gbogbo àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé.

Ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakété kọjá dé Pobè ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, láti máa kó epo àti èkùrọ́ lọ sétíkun. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, tó wà níbẹ̀ títí dòní. Iṣẹ́ olówó oṣù àti àgbàṣe wọ ìlú. Ọ̀dọ́ tó lè gba owó fún ọjọ́ kan kò fẹ́ fi ọjọ́ náà jẹ iyán lásán. Ẹni tó ní owó náà sì rí i pé ó rọrùn láti sanwó fún ènìyàn mẹ́wàá ju kó bọ́ ọgbọ̀n lọ. Bí ọ̀wẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù nìyẹn. Kò sí ẹni tó fòfin dè é. Ìkòkò rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ààrò.

ÌKÒKÒ NÁÀ LÓNÌÍ

Síbẹ̀ kò tíì fọ́. Níbi òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó àti ọdún, àwọn obìnrin ṣì ń pe ara wọn. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bọ́ onílù, akọrin àti ẹni tó gbé igi. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún ìran gbogbo ènìyàn ní 2008. Eégún tí wọ́n fi ń bọlá fún àwọn ìyá ni. Ó yẹ kí ọlá náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń dáná lẹ́yìn agbo.

Ìkòkò náà tún ti rí iṣẹ́ tuntun. Láti 2017 ni ìjọba Benin ti ń tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ètò oúnjẹ ilé-ìwé, pẹ̀lú ìrànwọ́ PAM, àjọ oúnjẹ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè. Ní ilé-ìwé abúlé, àwọn obìnrin abúlé ló ń sè é. Ẹni tó lè fi ìkòkò méjì bọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ láìjẹ́ kí ìsàlẹ̀ jóná, tí àwo tó kẹ́yìn sì tó ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ìyálé ọ̀wẹ̀ ló ń ṣe, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ́ wà níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú ewu ni ìmọ̀ yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ti ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ń gbé ní Kútọnu, Èkó tàbí lẹ́yìn òkun, níbi tí wọ́n ti ń rí oúnjẹ nínú ike. Bí a bá sì ń ra gbogbo oúnjẹ ọdún ní sísè, tó ń wọ ìlú nínú ọkọ̀, tó ń jáde nínú ike, ọdún á dùn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fa igi kúrò lábẹ́ ìkòkò. Ọmọkùnrin náà kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan rọ́pò ìyá rẹ̀ nídìí odó.

Kò gba owó púpọ̀ láti tún un ṣe. Lọ́dọọdún, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbé ìkòkò kan wá sọ́dún, kí àgbà obìnrin kan jẹ́ olórí rẹ̀, kí ọ̀dọ́ mẹ́rin, lọ́kùnrin lóbìnrin, máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà rírẹ àgbàdo títí dé ìgbà fífọ ìkòkò. Kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé, kó wọn ohun gbogbo, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Yorùbá. Kí àwọn mẹ́ẹ̀rì Pobè àti Sakété, pẹ̀lú àwọn olórí abúlé, rí i pé omi, igi àti ibi ìdáná tó ní òrùlé wà ní pápá ọdún. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n ń bọlá fún, kí wọ́n ka ti àwọn ìyá wọ̀nyí mọ́ ti àwọn olóyè.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni ààrò kan, àwọn tó ń se oúnjẹ ni èkejì, àwọn tó ń ṣàkóso ìlú ni ẹ̀kẹta. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìkòkò á dojú dé. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo.